Òkúta Kò Parọ́ Nítorí Pé Abẹ́rẹ́ Kọ́ńpáàsì Ń Ṣí Kiri

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí bí ibi tí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí ṣe ń kúrò ní Kánádà lọ sí ìhà Sìbéríà. Òótọ́ ni, kò tíì dúró sójú kan láti ìgbà tí James Clark Ross, arìnrìn-àjò ojú omi ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wá a kàn lọ́dún 1831. Ohun tó dùn mí ni ibi tí òǹkọ̀wé yín parí ọ̀rọ̀ sí: pé nítorí ìṣíkiri yìí, a kò lè fi òkúta mọ ibi tí ilẹ̀ kankan wà láyé àtijọ́.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun nìyẹn. Bí òkúta yíyọ́ tó tú jáde láti inú òkè ayọnáyèéfín bá ń tutù, tí ooru rẹ̀ já wálẹ̀ kọjá nǹkan bí 580 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn hóró magnetite (èròjà onírin tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà) inú rẹ̀ á di ìhà tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì ayé kọ sí lásìkò náà mú, títí kan bó ṣe dagun sí. Ní ìlà agbedeméjì ayé, ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí a ṣe ń lọ sí òpin ayé, ní àríwá tàbí gúúsù, ló ń dorí kodò sí i. Ìdagun yẹn la fi ń mọ bí ilẹ̀ náà ti jìnnà sí agbedeméjì tó.

Àmọ́ agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìṣàn òkúta kan ṣoṣo kò tó ẹlẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ ìṣàn tí ọjọ́ orí wọn jìnnà síra la máa ń gbẹ́. Oòrùn la fi ń mọ ìhà tí òkúta kọjú sí, torí òkúta dúdú mìíràn lè fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ṣìnà. Tí a bá délé, a ó máa fi iná yọ àmì tuntun tí mànàmáná àti ọjọ́ ti kọ lé e kúrò, díẹ̀díẹ̀, títí a ó fi kan ti àkọ́kọ́. Tí a bá wá pa ẹ̀rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún pọ̀, ìṣíkiri náà á pa ara rẹ̀ rẹ́, ìpíndọ́gba gbogbo rẹ̀ á sì bọ́ sí òpin ayé ní àríwá tàbí gúúsù gan-an.

Àní àìdúrósójúkan yìí ló ràn wá lọ́wọ́ jù! Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Bernard Brunhes rí i ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1906 pé agbára náà ti dojú kọ òdìkejì rí. Ìgbà tó yí gbẹ̀yìn ti tó nǹkan bí 780,000 ọdún. Lọ́dún 1963, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Vine àti Matthews ṣàlàyé pé ìyípadà wọ̀nyí ló fa ilà mágínẹ́ẹ̀tì ní ìsàlẹ̀ òkun, tí ti apá kan òkè abẹ́ òkun, níbi tí òkúta tuntun ti ń jáde, bá ti apá kejì mu. Ká ní agbára náà kò yí rí ni, kò ní sí ilà kankan níbẹ̀ tí a ó fi wọn bí ìsàlẹ̀ òkun ṣe ń yára fẹ̀ tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún apá yẹn ṣe nínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kà yín.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò òkúta