Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá mi, nítorí kásẹ́ẹ̀tì kan

Bọ̀ọ̀dá mi,

Mo rí kásẹ́ẹ̀tì yín. Kì í ṣe tiyín gan-an, ṣùgbọ́n irú ẹ̀ ni: Roots ti Sepultura, àwọn olórin metal (orin gìtá tó ń pariwo) láti Brazil, pẹ̀lú ojú ọmọ onílẹ̀ Brazil yẹn lára páálí rẹ̀, tó ń wo èèyàn bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà kan ní Tampere, ní Finland níbí ni, láàárín àwọn àwo tánńganran àti bàtà òtútù. Yúrò kan péré. Mo fún wọn ní méjì, mi ò dúró gba ṣéńjì. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹ ti lọ, mi ò tíì sunkún yín bó ṣe yẹ. Ojú títì ni mo ti wá sun ún.

Ní 1997 tí ẹ gba kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín tó wà ní yunifásítì, ẹ ní kí n fetí sí ìlù inú ẹ̀, pé bàtá ni. Kì í ṣe bàtá o, Bọ̀ọ̀dá. Carlinhos Brown, ọmọ Salvador ní Bahia, wà lára àwọn tó bá wọn lulù níbẹ̀, àwọn ará Xavante, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní Brazil, sì kọ orin tiwọn sí i. Àmọ́ Bahia tí wọ́n ti ń pe Ṣàngó ní Xangô títí dòní náà ni, etí yín ò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà.

Màmá ní orin èṣù ni. Ẹ wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fa téèpù náà jáde bí ẹni ń fa ìfun adìyẹ, wọ́n jù ú sórí igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ẹ dé, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, ó ń kọ mọ̀nà. Ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ tú u lára ewé, ẹ jókòó sórí odó tí a dojú ẹ̀ dé, ẹ ki bíró sínú ihò kásẹ́ẹ̀tì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ká a padà díẹ̀díẹ̀ títí NEPA fi mú iná lọ. Mo gbé àtùpà wá fún yín. Ẹ ní, "O ṣé."

Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mo lọ sọ fún Màmá? Torí pé ẹ ò mú mi dání lọ wo bọ́ọ̀lù ní Liberty. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìlú tí mo wà yìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ orin metal. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mú mi lọ wo Korpiklaani, ẹgbẹ́ olórin metal láti ìlú Lahti níbí: gìtá tó ń bú ramúramù, gòjé òyìnbó lórí ẹ̀, àti akọ́díọ̀nù irú èyí tí I.K. Dairo máa ń fà. Àwọn ọ̀dọ́ ń fò bí ẹni tí wọ́n gùn. Ibi tí irú orin yìí ti ń mu omi, òrìṣà àtijọ́ ni. Dókítà kan, Elias Lönnrot, fẹsẹ̀ rìn lọ sí Karelia, lẹ́bàá ààlà Finland àti Russia, láti kó orin àwọn àgbà jọ, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1835, wọ́n pè é ní Kalevala. Nínú rẹ̀, egungun àgbọ̀n ẹja ni àgbà kan fi ṣe dùùrù àkọ́kọ́. Ṣáájú rẹ̀, ní 1551, Mikael Agricola, tó ṣe fún èdè wọn ohun tí Ajàyí Crowther ṣe fún tiwa, ti to orúkọ àwọn òrìṣà wọn lẹ́sẹẹsẹ, kó lè bú wọn. Ó ní tí wọ́n bá gbin ọkà tán, wọ́n á mu ọtí Ukko alárá, àti ọmọbìnrin àti ìyálé á sì yó. Èébú yẹn ló wá di ẹ̀rí.

Perkele ni wọ́n máa ń bú jáde tí inú bá bí wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé orúkọ òrìṣà àrá ni nígbà kan, ìbátan Perkūnas ti Lithuania. Ìgbà tí Bíbélì dé, wọ́n fi pe Sátánì. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Èṣù tiwa ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ló ti fi sí wọn lẹ́nu.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin yìí ò rúbọ sí nǹkan kan o. Ìwé ni wọ́n kà. Mi ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, èmi tó jẹ́ pé fíìmù ni mo ti mọ Ṣàngó. Ó sì ní àwọn tó gbé òòlù Thor, òrìṣà àrá àtijọ́ àwọn ará Scandinavia, kọ́rùn, tí mo bá jókòó tì wọ́n nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á dìde.

Ẹ̀yin náà ṣẹ̀ mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi yín sórí òkè àdúrà, ẹ di ẹlòmíràn. Mo fi orin Korpiklaani ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, mo rò pé ẹ máa pè mí pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ kọ ọ́ pé, "Kí Ọlọ́run ṣàánú ẹ." Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi létí.

Wọ́n ti dín wákàtí iṣẹ́ mi kù níbi ilé àwọn arúgbó. Ìwé ìgbélùú mi fẹ́ parí, owó iṣẹ́ tí mo máa fi gba òmíràn ò fẹ́ pé. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 15, ó dá irun sí, orin yìí náà ló ń gbọ́ lálẹ́. Ìyá rẹ̀ ní orin èṣù ni. Èmi ni mo ṣe bí ẹni tó ń gbèjà rẹ̀, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà ibi iṣẹ́ dé, mo já íyápíìsì gbà létí ẹ̀. Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Kò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, "Okay, Daddy."

Ó di ọjọ́ kẹjọ lónìí. Aago mẹ́sàn-án ni mò ń lọ síṣẹ́ alẹ́, íyápíìsì náà ṣì wà nínú báàgì mi pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì yín. Kò tíì béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Àbúrò yín.