Bàbá, ìdí tí a fi ń pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó tọmọtọmọ nìyí

Houston, Texas

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Délé ní fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ bí yín nínú, pé ọdẹ wo ló ń pa abo ẹran tòun tọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Ẹran yìí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Àwọn ará Sípéènì ló kó ẹlẹ́dẹ̀ ilé wá láyé àtijọ́, àwọn kan sá wọgbó. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n tún kó ẹlẹ́dẹ̀ igbó Yúróòpù wá fún ọdẹ ṣíṣe, àwọn méjèèjì bá gun ara wọn. Abo wọn ń lóyún kó tó pé ọdún kan, oṣù mẹ́rin kì í pé tó fi ń bímọ, ó sì lè bí mẹ́rin tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá, mo débi oko àgbàdo ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbìn ín lọ́sàn-án. Kí ilẹ̀ tó mọ́, agbo ẹlẹ́dẹ̀ ti tẹ̀lé ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n ń fi imú hú kóró kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa owó. Ẹrẹ̀ ara wọn ṣì wà lára òpó iná, irun dúdú lẹ̀ mọ́ ọn. Ọkùnrin yẹn kàn dúró ni, kò lè sọ̀rọ̀.

Ní ti òfin Texas níbí: kò sí ìgbà tí a kì í pa á, kò sí iye tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá, tọ̀sán-tòru la sì lè pa á. Láti oṣù kẹsàn-án 2019, ẹni tí onílẹ̀ bá gbà láyè kò nílò ìwé àṣẹ ọdẹ lórí ilẹ̀ onítọ̀hún. Àmọ́ ẹni tó bá gbé ìbọn wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìtọrọ, ọlọ́pàá ni yóò bá a wí. Èèwọ̀ ni kí ènìyàn gbé e láàyè lọ tú sílẹ̀ níbòmíràn, nítorí irú ìyẹn ló tàn án kálẹ̀.

Ìbọn nìkan kò sì ká a. Ẹ yìnbọn pa ọ̀kan, ìyókù á fọ́n ká, wọ́n á gbọ́n sí i. Ìpínlẹ̀ Missouri tiẹ̀ ti fòfin de ọdẹ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí iléeṣẹ́ ẹranko igbó wọn ń tọ́jú. Ọgbà irin ńlá ló ń ṣiṣẹ́. A máa da àgbàdo sínú rẹ̀ títí gbogbo agbo á fi máa wọlé láìfura, ìgbà náà la ó jẹ́ kí ilẹ̀kùn já. Ìyá, ọmọ, gbogbo wọn á há. Ohun tí ẹ rí nínú fọ́tò nìyẹn. Bí a bá fi abo kan sílẹ̀, àfi ká tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yín pé ká fi abo sílẹ̀ kí igbó má baà ṣófo, mo dì í mú. Ṣùgbọ́n níbí, ẹlẹ́dẹ̀ yìí ló ń sọ igbó dahoro: ó ń jẹ ẹyin tòlótòló igbó, ó ń bá àgbọ̀nrín du oúnjẹ.

Ẹ má fòyà nípa ìlera mi. A máa ń wọ ìbọ̀wọ́ tí a bá ń kun ún, torí àìsàn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń fún ènìyàn ní ibà tí kì í tètè lọ. A sì ń sè é jinná dáadáa.

Ẹ bá mi kí Màámi àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ yín. Bí ó bá ku ìbéèrè, kí Délé pè mí lọ́jọ́ Àìkú.

Èmi ni ọmọ yín,
Akínadé