Ká Yọ Ẹ̀wọ̀n Kúrò, Àmọ́ Kí La Fẹ́ Fi Rọ́pò Rẹ̀?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àwọn tó ń fẹ́ kí wọ́n yéé fi ẹni tí wọ́n bá oògùn olóró díẹ̀ lápò rẹ̀ sẹ́wọ̀n máa ń fi Portugal ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ gidi ni, wọn kàn kì í sọ ọ́ tán ni.

Nígbà tí òfin Portugal bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Keje ọdún 2001, ìwọ̀n ohun tí ẹnì kan máa lò fún ọjọ́ 10 ni wọ́n fi ṣe ààlà: gíráàmù 1 fún hẹ́róìnì, 2 fún kokéènì, 25 fún igbó. Ẹni tí kò bá kọjá ààlà kò níí dé ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yọjú síwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta láàárín wákàtí 72. Ìgbìmọ̀ ló máa mọ̀ bóyá ó kàn ń tọ́ ọ wò ni tàbí ó ti di bárakú. Bó bá ti di bárakú, tó sì gbà láti lọ fún ìtọ́jú, wọ́n á dá ẹjọ́ rẹ̀ dúró ná.

Ní ìpínlẹ̀ Oregon l'Amẹ́ríkà, tíkẹ́ẹ̀tì owó ìtanràn $100 ni wọ́n ń já fún ẹni tí wọ́n bá oògùn díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù Kejì 2021. Tó bá pe nọ́ńbà fóònù kan fún àyẹ̀wò, wọ́n á fagi lé e. Ìwọ̀nba èèyàn ló pè. Ẹni tí kò pè tí kò sì san, kò sí nǹkan tó ṣe é! Owó ilé ìtọ́jú pẹ́ kó tó débẹ̀, fentanyl, oògùn kan tó lágbára ju hẹ́róìnì lọ, sì ti gba ìgboro. Lóṣù Kẹsàn-án 2024, wọ́n dá a padà sí ìwà ọ̀daràn.

Níbí, ọdún 15 sí 25 ni òfin NDLEA kọ sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá kokéènì tàbí hẹ́róìnì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi gíráàmù ṣe ààlà, ta ló máa gbé òṣùwọ̀n dání lójú títì? Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, iye tí ọlọ́pàá bá pè é náà ni, ìdúnàádúrà sì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n tú u kúrò nínú ọ̀rá kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, torí ọ̀rá nìkan lè sọ 0.9 di 1.1. Igbó tútù wúwo ju gbígbẹ lọ fíìfíì, kí òfin sọ èyí tó ń bá wí. Àwọn tó ń tà á náà á máa kó ìwọ̀nba rìn. Nítorí náà, ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n ti dì sílẹ̀ àti òṣùwọ̀n tí wọ́n bá lápò èèyàn gbọ́dọ̀ wọ inú ẹjọ́.

Ti Tramadol tún yàtọ̀. Sáṣẹ́ẹ̀tì kan tó ní hóró 10 lè jẹ́ mílígíráàmù 500 bí hóró kan bá jẹ́ 50, ó sì lè jẹ́ 2,250 bó bá jẹ́ 225. Ẹni tó bá ka sáṣẹ́ẹ̀tì ò tíì ka nǹkan kan.

Òǹkàwé yín, láti Abẹ́òkúta