Lẹ́tà Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ọmọ Tí A Ní Ó Kọ Etí Ikún

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ti aṣọ eré ìdárayá wà nínú ìwé mìíràn tí ọmọ yín mú bọ̀ wálé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí bá yín sọ, nítorí pé láti ìgbà tí a ti wọlé ní sáà yìí, ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn olùkọ́ àti lẹ́nu ẹ̀yin òbí pàápàá ni pé, "Ọmọ yìí kì í gbọ́ràn, etí ikún ló máa ń kọ síni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì Praimárì Kẹta níbi tí wọ́n ti ń ṣe àpèkọ. Olùkọ́ mú pàṣán lọ́wọ́, ó ń pe "igbá", "igba", "ìgbà", ọmọkùnrin kan sì kọ ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láìfi àmì kankan sí i, nítorí pé pàṣán ni ojú rẹ̀ ń bá lọ sókè sódò, kì í ṣe ẹnu olùkọ́. Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí olùkọ́ fi pàṣán sílẹ̀ sí ọ́fíìsì mi, kí ó jókòó ti ọmọ náà, kí ó sì pe ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ó ti pè wọ́n lánàá. Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé igbá tí ìyá àgbà fi ń bu láfún ni?" Òun náà ni. Ó kọ ọ́, ó fi àmì sí i, kò sì ṣi méjì tó kù kọ.

Etí ọmọ yìí kò yí padà láàárín ọjọ́ méjì. Ọkàn rẹ̀ ló yí padà. Ìró lásán ni etí ń gbà wọlé, ọkàn ló ń yà á sọ́tọ̀ tí ó ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀, pàápàá nínú èdè bíi tiwa tí ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ padà. Gbólóhùn kì í sì í dúró deni: ọmọ ní láti di ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú lọ́kàn títí ìparí yóò fi dé, bí ìbẹ̀rù bá sì ti gba ibẹ̀, ibo ni ọ̀rọ̀ yóò jókòó sí? Èmi náà jẹ̀bi rí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó dé ibí, mo fi ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ nítorí pé mo pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó gbọ́ pé bàbá rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, àti pé fóònù ọ́fíìsì ni ọmọ náà ń dẹ etí sí láti òwúrọ̀.

Iṣẹ́ yíya ìró sọ́tọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó mọ ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1984, àwọn olùwádìí méjì, Werker àti Tees, fi hàn ní Kánádà pé àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ tí Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé wọn mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ìró kan nínú Híńdì, èdè àwọn ará Íńdíà, tó ń ṣòro fún àgbàlagbà wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá fi ń sún mọ́ ọdún kan, agbára yẹn ti dínkù gidigidi. Èdè tí ó ń gbọ́ lójoojúmọ́ ló ń gbájú mọ́, ó sì ń fi ìyókù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "gb" fi ń ṣòro fún òyìnbó tó dàgbà kó tó kọ́ Yorùbá, tí "v" àti "z" sì fi ń di "f" àti "s" lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni iṣẹ́ ìwádìí tí Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2003. Àwọn tó ń sọ Mandarin, èdè àwọn ará Ṣáínà, bá àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ṣeré ní Amẹ́ríkà, wọ́n kàwé fún wọn, nígbà méjìlá, etí àwọn ọmọ náà sì là sí ìró èdè ọ̀hún. Àwọn ọmọ mìíràn wo àwọn ènìyàn kan náà lórí tẹlifíṣọ̀n, wọn kò sì rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Mo mọ bí ọjà àdìrẹ Ìtòkú ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí oníbàárà bá pọ̀, mo sì mọ ìdí tí a fi ń na fóònù sí ọmọ kí ó lè jẹ́ kí ènìyàn ráyè ta àdìrẹ; mo ti ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ tèmi. Ṣùgbọ́n fóònù kì í wo ojú ọmọ, kì í sì í dákẹ́ kí ó gbọ́ èsì rẹ̀. Oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bi í pé, "Kí ni orúkọ rẹ?", tó sì dúró gbọ́ ọ, ti kọ́ ọ ju fóònù lọ.

Nípa ti ariwo, àgbà lè fi òye dí àlàfo ọ̀rọ̀ tí jẹnẹrétọ̀ bò mọ́lẹ̀. Ọmọdé kò tíì ní òye tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà a ti kó Praimárì Kìíní àti Ìkejì kúrò ní yàrá ẹ̀bá títì lọ sí ẹ̀yìn.

Mo bẹ̀ yín, bí ọmọ kò bá dáhùn, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ fún àyẹ̀wò etí, torí pé omi lè dúró sínú etí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn kátá. Ẹ má ṣe da òróró sí i. Bí etí bá dá, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó kọjú sí yín, ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, kí ẹ sì ní kí ó sọ ohun tí ó gbọ́ fún yín. Èdè tó bá dá yín lẹ́nu ni kí ẹ fi sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí à ń wá kiri kí a tó rí i kò ran ọmọ lọ́wọ́.

Ìwé kékeré kan wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Bí ohun kan bá ń ṣẹlẹ̀ nílé tó lè gba ọmọ lọ́kàn, ìbáà ṣe àìsàn, ìrìn-àjò òbí tàbí kíkó kúrò nílé, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí ọmọ sì mú un wá fún mi ní ọjọ́ Ajé. Èmi nìkan àti olùkọ́ rẹ̀ la ó kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́,
Abẹ́òkúta.