Lẹ́tà sí Àkànní: Kí Ni Ilẹ̀ Náà Ti Mu?

Láfẹ́nwá,
Abẹ́òkúta.

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì dúpẹ́ pé ara gbogbo ilé le. Ohun tí o kọ nípa ilẹ̀ ilé ìfọṣọ àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí n tètè fèsì. O ní ó yà ọ́ lẹ́nu pé ìjọba ná owó kí wọ́n lè gbẹ́ ihò káàkiri, kí wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ fún àyẹ̀wò májèlé, kí wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ láìtún nǹkan kan ṣe. Ní tèmi o, owó yẹn gan-an ni mo ń jowú.

Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ yín lọ́dún 1980, èyí tí wọ́n ń pè ní Superfund, lè mú ẹni tó ra ilẹ̀ onímájèlé pé kí ó san owó ìtúnṣe rẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun ló da májèlé síbẹ̀. Ta ni yóò wá fọwọ́ kan irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ti kú ni ìbẹ̀rù yìí sọ di igbó láàárín ìgboro. Ìdí nìyí tí EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìlú lówó àyẹ̀wò, agbègbè Cuyahoga tí ìwọ ń gbé gan-an ló sì kọ́kọ́ gbà á, lọ́dún 1993. Òfin ọdún 2002 wá dáàbò bo ẹni tó bá ṣe ìwádìí tó yẹ kí ó tó rà, wọ́n sì tún fi bílíọ̀nù 1.5 dọ́là kún owó náà lọ́dún 2021.

Má fojú kékeré wo iṣẹ́ àwọn tó gbẹ́ ihò yẹn. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ dé, ẹnìkan ti jókòó ti àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ àti ìwé ìjọba, ó ti bá àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ti rin orí ilẹ̀ náà já láìbu iyẹ̀pẹ̀ kankan. Ìpele kìíní nìyẹn. Ohun tó bá fura sí ló ń sọ ibi tí wọn yóò gbẹ́ ní ìpele kejì. Kẹ́míkà tí irú ilé ìfọṣọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi fọ aṣọ dípò omi wúwo ju omi lọ, nítorí náà bí ó bá jò sílẹ̀, ńṣe ni yóò rì wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀, tí oru rẹ̀ yóò sì máa gba abẹ́ ilé gòkè wá sínú yàrá tí ènìyàn ń sùn.

Níbí, ọgbà kan wà lẹ́yìn ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì mọ́tò láti ìgbà tí èmi àti ìwọ wà nílé-ìwé, tí wọ́n ń da ásíìdì inú rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń yọ́ òjé. Bàbá tó ni iṣẹ́ náà ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti gé ilẹ̀ náà sí púlọ́ọ̀tì, àbúrò mi obìnrin sì ti san àsansílẹ̀ lórí ìdajì kan. A wádìí gbogbo ohun tí a mọ̀ ọ́n wádìí: a yẹ ìwé sọ̀féè wò, a bi baálẹ̀, a bi mọ̀lẹ́bí bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ilẹ̀ náà ti mu. Nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹni tó ń bá wọn tà á rẹ́rìn-ín, ó ní òjò ti fọ̀ ọ́. Òjò kì í fọ òjé kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀, Àkànní. Òkè ilẹ̀ ló máa ń dúró sí, níbi tí ọmọdé ti ń fọwọ́ ṣeré, tí yóò sì fi ọwọ́ náà kan ẹnu. Òjé ló pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara lọ́dún 2010, ní àwọn abúlé tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù tí òjé wà nínú rẹ̀.

Òfin ọdún 1992 tí a ní lórí àyíká ń bi ilé-iṣẹ́ tó ń bọ̀ léèrè ohun tí yóò bà jẹ́. Èyí tó ti kó lọ, ta ló ń bi í? (Ìyá mi, aláró Ìtòkú, máa ń sọ pé koríko ẹ̀yìnkùlé òun kò gbẹ rí, àfi ìgbà tí sódà àti háídrò, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń re aró, dé.) Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wà ní Fásitì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà níbí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ìdajì púlọ́ọ̀tì kò lè dá owó irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ gbé, ẹni tó ń tà á kò sì fẹ́ mọ èsì tí yóò já owó ilẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì yìí ni ó yẹ kí owó ìjọba dúró sí.

Mo ti ní kí àbúrò mi má tíì san ìyókù. Jọ̀wọ́, bí o bá lè rí ìwé ìpele kìíní ti ilẹ̀ ilé ìfọṣọ yẹn gbà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìlú yín, fi ránṣẹ́ sí mi kí ìpàdé àdúgbò wa ti ìparí oṣù tó pé. Mo fẹ́ túmọ̀ àwọn ìbéèrè inú rẹ̀, kí a fi bi àwọn àgbà méjì tó bá bàbá náà ṣiṣẹ́, tí wọ́n ṣì wà láyé: ibi tí ààrò wà, ibi tí wọ́n ń da ásíìdì sí, àti bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí kànga tó. Ìyẹn kò ní ná wa ní kọ́bọ̀.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjàní.