Páńẹ́lì kọ́ ló kéré, ìṣirò ni kò sí

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí jíṣẹ́ fún àwọn òǹkàwé yín tó wà ní Ìlú Ọba, pàápàá àwọn tó ti ń so kárávàànù, ìyẹn ilé kékeré tí ọkọ̀ ń fà, mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sí etíkun lásìkò tí iléèwé bá gba ìsinmi. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Wọ́n á dúró síbi tí kò sí iná ìjọba, bátìrì á kú lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n á sì gba ọjà lọ láti ra páńẹ́lì sólà tó tún tóbi sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, páńẹ́lì kọ́ ló jẹ̀bi.

Àwọn ibùdó kéékèèké tí Caravan and Motorhome Club, ẹgbẹ́ àwọn oníkárávàànù, ń pè ní CL (Certificated Location), tí kì í gbà ju kárávàànù 5 lọ, ni ọ̀rọ̀ yìí ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò ju pápá, ẹ̀rọ omi kan àti ibi tí wọ́n ń da ẹ̀gbin sí lọ. Owó wọn ò ga, ariwo ò sí níbẹ̀, àmọ́ bátìrì tẹ́ ẹ gbé wá nìkan ni iná tẹ́ ẹ ní.

Bí wọ́n bá kọ 100Ah (Ah ni ámpù lọ́nà iye wákàtí, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbé pamọ́) sára bátìrì ásíìdì, 50 ni kẹ́ ẹ kà á sí. Ẹni tó bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́ ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú ni. Bí iná bá ṣe ń jáde, nǹkan funfun kan máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn awo òjé inú rẹ̀. Tí iná bá tètè padà wọlé, á yòrò. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé bátìrì náà sílẹ̀ lófìfo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan ọ̀hún á gan, ibi tó bá sì gan sí kò ní í gba iná mọ́ láéláé. Ẹ tún wo ìwúwo rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó: òjé kì í fúyẹ́. Bátìrì ásíìdì tí wọ́n kọ 100Ah sí, tí kò sì tó kìlò 20, ẹ fura sí i.

Mítà fóólítì olówó pọ́ọ́kú ló ń sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń lo iná, ẹ yọ sólà, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí 3, kẹ́ ẹ tó wò ó. 12.7V, ó kún. 12.2V, ó ku ìdajì. Tó bá ti di 12.0V, ẹ ti ń jẹ gbèsè. Ẹni tó bá wò ó nígbà tí oòrùn ṣì ń lu páńẹ́lì á rí 13 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú rẹ̀ á dùn, iná tó ń wọlé ló sì ń kà, kì í ṣe èyí tó wà nílé.

Ìṣirò náà ò le. Ẹ fi 12 pín wáàtì, ẹ ó rí ámpù. Ẹ fi iye wákàtí sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí Ah. Ẹ wo ìdílé kan ní oṣù kẹrin, nígbà tí òtútù ṣì ń mú lóru. Gílóòbù LED 4, wáàtì 3 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 4: 4Ah. Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 30 fún wákàtí 3: 7.5Ah. Fáànù tó ń fẹ́ ooru gáàsì káàkiri inú ilé, ámpù 1.5 fún wákàtí 8: 12Ah. Pọ́ńpù omi ń fa ámpù 5, àmọ́ kì í ṣiṣẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ lójúmọ́, kò pé 2Ah. Fóònù gbogbo ilé, 3Ah. Èyí tí wọn kì í rántí ni aláàmù olè àti pátákó bọ́tìnnì tí kì í sùn. Ámpù 0.15 péré ni wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ kó tó tún ṣú, ó ti di 3.6Ah. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 32. Bí ẹ bá fi 50 bọ́ ọ, ẹ rí ìdí tí bátìrì kì í fi í ríran kọjá alẹ́ ọjọ́ kejì?

Ẹ sì wò ó dáadáa: fáànù ooru ló jẹun jù, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n táwọn ìyá ń pariwo lé àwọn ọmọ lórí.

Fíríìjì kò sí nínú ìṣirò yẹn, kò sì gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Fíríìjì oníná mẹ́ta inú kárávàànù, tó ń lo gáàsì, 12V tàbí 230V, lè fa ámpù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí 12V. Wákàtí 5, gbogbo 50 yín ti tán. Orí ìrìn nìkan ni 12V wà fún, tẹ́ ẹ bá ti dúró, ẹ yí i sí gáàsì. Kẹ́ẹ̀tù wáàtì 1000 lórí ínfátà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí nǹkan bí ámpù 90 ló ń fà. Ẹ gbé omi tíì kaná gáàsì.

Ó wá kan sólà. Páńẹ́lì wáàtì 100 lè mú 25 sí 30Ah wọlé lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa ní oṣù kẹfà. Ní oṣù Kejìlá, 3 sí 5Ah lẹ máa rí. Ní Ìbàdàn, a lè tẹ́ páńẹ́lì fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹrẹsẹ kó sì ṣiṣẹ́. Níbí, oòrùn kì í gòkè tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e dúró ní ìwọ̀n 35 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó kọjú sí gúúsù, ẹ gbé e dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òtútù. Òjìji ẹ̀ka igi kan ṣoṣo tó bá sùn lé igun rẹ̀ lè gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀ lọ, torí ńṣe ni àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà lára páńẹ́lì alágbèéká tí wọ́n lẹ kọ́ńtúrólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà wọ bátìrì, mọ́ lẹ́yìn. Wọ́n á fi wáyà tín-ín-rín mítà 5 so ó dé ibi bátìrì. Mítà 5 lọ, mítà 5 bọ̀, pẹ̀lú wáyà 1.5mm², 0.6V ti sọnù lọ́nà tí ámpù 5.5 bá ń kọjá. Kọ́ńtúrólà rí 14.4V, ó gbà pé bátìrì ti ń yó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín iná kù. Bátìrì ní tirẹ̀ ń rí 13.8. Ẹ tú kọ́ńtúrólà kúrò lẹ́yìn páńẹ́lì, ẹ gbé e sún mọ́ bátìrì, kí wáyà gígùn wà lápá páńẹ́lì, níbi tí fóólítì ti pọ̀ tó láti fara da àdánù. Ẹ lo 4mm². Ẹ fi fíúsì ámpù 10 sí wáyà pupa, kò gbọdọ̀ jìnnà sí orí bátìrì ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, nítorí bátìrì gan-an ló lágbára láti sun wáyà, kì í ṣe sólà. Bátìrì lẹ máa kọ́kọ́ so mọ́ kọ́ńtúrólà, páńẹ́lì á tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá ń tú u, páńẹ́lì ló máa kọ́kọ́ jáde.

Ẹ má retí púpọ̀ lára ọkọ̀ tó ń fà yín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ló ń mọ̀ọ́mọ̀ dín iná ọ́tánétọ̀ kù láti fi epo pamọ́, wáyà tó sì dé ẹ̀yìn gùn. Láìsí ṣájà DC-DC, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé fóólítì tó ti inú ọkọ̀ wá ga tó láti fi kún bátìrì, nínú kárávàànù, bátìrì kì í kún lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ má lo ihò 12V rẹ̀. Ihò 230V ni kẹ́ ẹ so mọ́ kárávàànù, kí ṣájà inú ilé ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi onílẹ̀ bóyá ó gbà á láyè, kẹ́ ẹ sì gbé e jìnnà sí fèrèsé, torí èéfín rẹ̀ ń pani.

Àwọn tó fẹ́ ra bátìrì lithium dípò ti ásíìdì, 80 sí 90 nínú 100Ah lẹ lè lò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mítà fóólítì kò wúlò fún un, ẹ ó nílò mítà tó ń ka ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fún un níná nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá tutù dé òdo.

Riwáyà kárávàànù kan,
Leeds