Lẹ́tà sí ọmọ mi lórí ìdúró tó pẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ojú ń tì ọ́ láti tún tọrọ ohun kan náà lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí pé ọdún ń gorí ọdún, o kò tíì rí iṣẹ́ mìíràn láti ìgbà tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ti bọ́, àìsàn ìyàwó rẹ kò sì tíì san. N kò ní sọ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ yóò dópin láìpẹ́, nítorí pé n kò mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ ni bí ènìyàn ṣe lè di Ọlọ́run mú nígbà tí kò mọ ọjọ́ tí wàhálà rẹ̀ yóò tán.

Ó dá mi lójú pé wọ́n ti ka Jeremáyà orí 29 ẹsẹ 11 sí ọ létí lọ́pọ̀ ìgbà, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé èrò àlàáfíà ni òun ń rò sí àwọn ènìyàn òun. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ 10 kì í sábà jáde lẹ́nu àwọn tó ń kà á. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti sọ fún àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì pé ìgbà tí 70 ọdún bá pé ni òun yóò tó mú wọn padà wálé. Ní orí tó ṣáájú, wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà ti dìde nínú tẹ́ńpìlì, níwájú àwọn àlùfáà àti gbogbo ènìyàn, ó ní kí ọdún 2 tó pé, ohun gbogbo yóò ti padà sípò, ó sì bọ́ àjàgà tó wà lọ́rùn Jeremáyà gẹ́gẹ́ bí àmì ìsìnrú Bábílónì, ó ṣẹ́ ẹ. Ta ni kò ní fẹ́ ọdún 2 ju 70 lọ? Jeremáyà pàápàá ṣe àmín, ó ní kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò rán Hananáyà níṣẹ́, kò sì lo ọdún yẹn tán tó fi kú. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bá Ọlọ́run dá ọjọ́, pàápàá bí onítọ̀hún bá ní kí o mú owó wá kí ọjọ́ náà lè tètè pé. Bí ọjọ́ ọ̀hún bá kọjá, ìgbàgbọ́ tìrẹ ni yóò mì, ẹni tó dá ọjọ́ yóò ti bá tirẹ̀ lọ.

Wo ohun tí Ọlọ́run ní kí àwọn ẹrú náà máa ṣe: kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n kó wọn lọ. Kò ní kí wọ́n di ẹrù sílẹ̀ kí wọ́n jókòó tì í. Nítorí náà, iṣẹ́ kékeré tí o ní kò tó ohun tí o kọ́ nílé ìwé yẹn, lọ gbà á. Má sì ṣe dá ìtọ́jú ìyàwó rẹ dúró nítorí pé ẹ ń gbàdúrà. Dókítà kì í ṣe orogún Ọlọ́run.

Ní ti ìbínú sí Ọlọ́run tí o kọ pé ó ń bà ọ́ lẹ́rù, àwọn tó ní kí o má sunkún kí Ọlọ́run má baà rò pé o kò gbà á gbọ́ ti gbàgbé Sáàmù 88. Ẹni tó kọ ọ́ pe Olúwa ní Ọlọ́run ìgbàlà rẹ̀, ó sì ráhùn dé ìparí. Inú òkùnkùn ni orin náà parí sí, kò sí ìdúpẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú Ìwé Mímọ́. Ráhùn sí Ọlọ́run bí ó bá pọn dandan, ṣùgbọ́n má ṣe yan odì pẹ̀lú rẹ̀.

Nǹkan kan kù. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti sọ bí Jósẹ́fù ṣe dé ààfin, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe nínú ẹ̀wọ̀n wú mi lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni ọdún 17 ni nígbà tí ìyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó pé ọdún 30 kó tó dúró níwájú Fáráò. Láàárín ìyẹn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé ojú agbọ́tí àti alásè ọba fà ro, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tó dé. Ìyà tirẹ̀ kò dí i lójú sí ti ẹlòmíràn. Agbọ́tí náà gbàgbé rẹ̀ fún ọdún 2 gbáko, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Má ṣe torí pé àwọn tí o ràn lọ́wọ́ kò padà wẹ̀yìn kí o wá ti ilẹ̀kùn rẹ mọ́ àwọn tó kù.

Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́n ọ lẹ́nu lálẹ́ òní, ẹ ka Sáàmù 88 náà sókè, ìwọ àti ìyàwó rẹ, kí ẹ sì sùn. Kọ̀wé sí mi lórí ohun tí dókítà bá sọ, kí n lè mọ ohun tí n ó máa tọrọ gan-an.

Èmi ni,
Ìyá rẹ